Joan Eardley, ayàwòrán ilẹ̀ Scotland: àwọn ìbéèrè tí ẹ kì í yé bi mí

Ìlú Glasgow ni mo ń gbé, mo sì máa ń mú àlejò lọ wo àwòrán ní Kelvingrove, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ìlú náà. Ẹni tó bá ti dé iwájú àwòrán Joan Eardley kì í tètè kúrò níbẹ̀, ìbéèrè kan náà ló sì ń jáde lẹ́nu gbogbo wọn. Mo kó wọn jọ síbí kí ẹnu mi lè sinmi díẹ̀.

Ta ni Joan Eardley?

Obìnrin ayàwòrán ni. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 1921, ó sì kú ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 1963. Ẹni ọdún 42 ni nígbà tó lọ.

Ibi méjì ló sọ ọ́ di olórúkọ. Èkíní ni Townhead, àdúgbò àwọn tálákà ní àárín Glasgow, níbi tó ti ń yàwòrán àwọn ọmọ tó ń ṣeré lójú títì. Èkejì ni Catterline, abúlé apẹja kékeré kan ní etí Òkun Àríwá, níbi tó ti ń yàwòrán ìgbì, yìnyín àti pápá. Tí ẹ bá rí àwòrán rẹ̀ kan tí kò sí nínú méjèèjì yìí, ó sábà máa ń jẹ́ pé ìgbà tó ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ ni tàbí ìgbà tó wà lẹ́nu ìrìnàjò.

Níbo ni mo ti lè fojú ara mi rí iṣẹ́ rẹ̀, èló sì ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà?

Ọ̀fẹ́ ni. Kelvingrove ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé àwòrán orílẹ̀-èdè Scotland ní Edinburgh, tó ní púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó lókìkí jù. “Winter Sea IV”, òkun ìgbà òtútù tó yà ní 1958, wà ní ilé àwòrán ìlú Aberdeen.

Àmọ́ wọn kì í gbé gbogbo rẹ̀ kọ́ sára ògiri lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Mo ti kó ẹbí rìn lọ wo àwòrán kan rí, àṣé inú yàrá ìkẹ́rù ló wà lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó àbúrò mi sọ fún mi lọ́nà ilé, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká gbé e síbí.

Ṣé ọmọ Scotland ni lóòótọ́? Mo kà á pé England ni wọ́n bí i sí.

Òótọ́ lẹ kà. Warnham ni wọ́n bí i sí, ní Sussex, gúúsù England, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń sin màlúù fún wàrà. Àmọ́ ọmọ Scotland ni ìyá rẹ̀, Irene Morrison. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ́ sílẹ̀, ìyá kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ àwọn ẹbí tirẹ̀ ní Bearsden, ẹ̀bá Glasgow. Joan ti ń lọ sí ọmọ ogún ọdún nígbà náà. Tí ẹ bá yọ ìrìnàjò àti àkókò díẹ̀ tó fi wà ní London kúrò, kò gbé ibòmíràn mọ́ títí tó fi kú.

Ẹni tó bá ní ilé bàbá nìkan ni ilé, kó pè é ní ará England. Àwọn ará Scotland ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀. Royal Scottish Academy, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Scotland, fi í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ onípò kejì ní 1955, wọ́n sì gbà á wọlé pátápátá ní 1963. Èmi náà, tiwọn ni mo pè é.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí bàbá rẹ̀?

William Eardley jẹ́ ọ̀gá ọmọ ogun nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, gáàsì olóró sì bà á lójú ogun. Nígbà tó dé, ó dá oko màlúù sílẹ̀, oko ò yọrí. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn gbé e dè. Ìyá kó Joan àti Pat, àbúrò rẹ̀ obìnrin, lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Blackheath, London. Ní 1929, bàbá gbẹ̀mí ara rẹ̀. Joan ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó sọ bí bàbá ṣe kú gan-an fún àwọn ọmọ méjèèjì.

Àwọn kan fẹ́ràn láti fi ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ gbogbo òkun dúdú tó yà. Mi ò bá wọn lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró ní Catterline nínú oṣù Kìíní rí mọ̀ pé bí òkun yẹn ṣe rí nìyẹn.

Ilé ẹ̀kọ́ wo ló lọ?

Ó fẹsẹ̀ kan Goldsmiths ní London, kò pẹ́ níbẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1940 ó wọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà Glasgow, lọ́dọ̀ olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Hugh Adam Crawford. Ó gba ìwé ẹ̀rí ní 1943, àwòrán ara rẹ̀ tó yà sì gba ẹ̀bùn Sir James Guthrie fún un. Ibẹ̀ ló ti pàdé Margot Sandeman, tí òun náà di ayàwòrán. Àwọn méjèèjì jọ máa ń lọ sí Corrie, ní erékùṣù Arran, wọ́n á máa yàwòrán, wọ́n á máa dáná fúnra wọn.

Ní 1947 ó lo oṣù díẹ̀ ní Hospitalfield, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kan ní Arbroath, lábẹ́ James Cowie. Cowie fẹ́ kí gbogbo ìlà mọ́ tónítóní, kí a ti rò ó délẹ̀ kí ọwọ́ tó kan bébà. Ọwọ́ Joan yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ rí ojú ara wọn. Lẹ́yìn náà ó gba owó ìrìnàjò tí wọ́n fi ń ran akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀wé lọ́wọ́, ó sì fi 1948 sí 1949 rìn ní Italy, ó dé Florence, Assisi àti Venice. Ohun tó yà bọ̀ níbẹ̀ kì í ṣe ilé ńlá tí gbogbo àlejò ń wò. Àwọn alágbe ló yà, àwọn ìyá arúgbó àtàwọn mẹ̀kúnnù tó ń lọ tó ń bọ̀.

Ṣé lóòótọ́ ló ṣe káfíńtà?

Bẹ́ẹ̀ ni, nígbà ogun. Ó kọ́kọ́ gbìyànjú iṣẹ́ olùkọ́ ní Jordanhill, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Glasgow, kò bá a lára mu, ó fi í sílẹ̀. Ó wá lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Bearsden. Ẹ ó rí i níwájú pé ẹni tó mọ pákó, ìṣó àti okùn dáadáa ni, iṣẹ́ náà sì wúlò fún un létí òkun.

Kí ló gbé e dé Townhead?

Yàrá iṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú ló ń wá. Ó kọ́kọ́ gba ọ̀kan ní Cochrane Street, kò jìnnà sí gbọ̀ngàn ìjọba ìlú Glasgow. Nígbà tó yá ó kó lọ sí 204 St James Road, òkè ibi tí wọ́n ń kó irin àlòkù sí. Gbogbo àyíká ibẹ̀ jẹ́ ilé olókùúta alájà mẹ́ta, mẹ́rin, èéfín ti sọ ògiri wọn di dúdú, ìdílé sì há mọ́ra nínú wọn, yàrá kan, yàrá méjì. Torí pé inú ilé ò gba ọmọ, ojú títì ni àwọn ọmọ wà láti àárọ̀ dalẹ́.

Ó máa ń kó ọ̀dà àti pákó rẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́ ọmọ jòjòló kan tó ti gbó, á máa tì í kiri àdúgbò. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Obìnrin tó gé irun kúkúrú, tó wọ aṣọ tí ọ̀dà ti ta sí, tó ń ti kẹ̀kẹ́ tí kò sọ́mọ nínú rẹ̀. Ta ni ò ní mọ̀ ọ́n?

Ta ni àwọn ọmọ inú àwòrán náà?

Ọmọ àdúgbò ni gbogbo wọn. Àwọn tó pọ̀ jù nínú àwòrán wá láti inú ìdílé kan tó bí ọmọ méjìlá. Àwọn fúnra wọn ló ń gun àtẹ̀gùn wá kan ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń ní kó ya àwọn. Ẹ̀gbọ́n á gbé àbúrò pọ̀n, òmíràn á mú ìwé àwòrán ẹlẹ́rìn-ín dání, òmíràn ń jẹ nǹkan lọ́wọ́. Wọn kì í jókòó jẹ́ẹ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi jẹ́ pastel, ìyẹn ẹfun aláwọ̀ mèremère, tó sáré fà sórí bébà tó bá wà nítòsí kí ọmọ tó sá lọ.

Ẹ wo ọwọ́ wọn dáadáa nígbà tí ẹ bá débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kì í kàn duro ti àbúrò, á di apá rẹ̀ mú gírígírí bí ẹni tí wọ́n ti kìlọ̀ fún nílé. Ẹni tó bá ti pọn àbúrò rí mọ ìdìmú yẹn. Ọmọ kan sì wà tí ojú rẹ̀ kan yà sí ẹ̀gbẹ́. Joan ò tún un ṣe, bó ṣe rí ló ṣe yà á.

Kí ni wọ́n kọ sára ògiri lẹ́yìn àwọn ọmọ náà?

Ohun tí ọmọdé máa ń kọ sára ògiri: orúkọ, lẹ́tà tí kò parí, nọ́ńbà, èpè. Láti nǹkan bí 1959 lọ ni ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í gba àyè ju ọmọ lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Nínú àwọn tó pè ní “Children and Chalked Wall”, tó yà ní 1962 sí 1963, ó lẹ ìwé ìròyìn àti bébà onífàdákà tí wọ́n fi ń wé súwíìtì mọ́ ara àwòrán, ó wá kun ọ̀dà lé wọn.

Ẹ sún mọ́ “Two Children” ní Kelvingrove débi tí ẹ̀ṣọ́ á fi wò yín. Ọmọbìnrin méjì dúró síwájú ògiri pupa. Bí ẹ bá wà lókèèrè, ẹ ó ní ọ̀dà ló ń dán yẹn. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, bébà súwíìtì ni. Àwòrán yẹn ló wà lórí igi ìyàwòrán nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tó kú. Kò parí rẹ̀.

Báwo ló ṣe dé Catterline?

Ṣẹ́gẹ̀dẹ̀ ló gbé e débẹ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní 1950 ó lọ pàtẹ àwòrán ní Aberdeen, ṣẹ́gẹ̀dẹ̀ sì mú un. Nígbà tí ara rẹ̀ ń bọ̀ sípò, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Annette Soper fi ọkọ̀ gbé e jáde kó lọ gba atẹ́gùn. Wọ́n dé abúlé kan ní gúúsù Stonehaven: ìlà ilé kékeré lórí òkè etíkun, òkun nísàlẹ̀, àwọ̀n ẹja salmon tí wọ́n sá sórí igi. Ọ̀rọ̀ parí.

Annette ra ilé ẹ̀ṣọ́ etíkun àtijọ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Watchie, Joan sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó háyà ilé kan ní ìpẹ̀kun South Row. Kò síná mànàmáná, kò sómi ẹ̀rọ, kò sí ilé ìyàgbẹ́, ilẹ̀ lásán ni wọ́n sì ń tẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Glasgow rí i, wọ́n bú sẹ́kún tán, wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. Òun ní tirẹ̀ kó pákó àti ọ̀dà wọlé, ó gbé àtùpà sórí tábìlì. Nígbà tó yá ó ra ilé mìíràn lábúlé kan náà, Number 18.

Glasgow sí Catterline jìnnà. Báwo ló ṣe ń lọ tó ń bọ̀?

Ó tó nǹkan bí 200 kìlómítà. Alùpùpù Lambretta ló máa ń gùn. Ẹ̀yin àgbà tó mọ Vespa, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n. Ẹ wá rò ó wò nínú òtútù Scotland, obìnrin kan lórí alùpùpù, ẹrù ọ̀dà lẹ́yìn.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, Catterline ló ń gba ọjọ́ rẹ̀ jù. Síbẹ̀ kò fi Townhead sílẹ̀, yàrá iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí dópin. Tó bá ti pẹ́ jù lẹ́yìn àwọn ọmọ, á padà wá. Tó bá gbọ́ pé ìjì ń bọ̀ létí òkun, á tún gbéra.

Ṣé lóòótọ́ ló máa ń dúró síta yàwòrán nínú ìjì?

Bẹ́ẹ̀ ni, fọ́tò rẹ̀ sì wà. Kì í ṣe pé ó máa ń wo ìjì láti ojú fèrèsé kó wá lọ yà á nínú ilé. Á gbé igi ìyàwòrán sórí òkúta etíkun, á fi okùn àti òkúta dè é mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ, á sì kun àwòrán náà níbẹ̀. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní hardboard ló ń lò dípò aṣọ, torí atẹ́gùn lè fa aṣọ ya.

“The Wave”, ìgbì tó yà ní 1961, fẹ̀ tó 188 sẹ̀ǹtímítà, ó sì ga tó 122. Ẹ wá nawọ́ yín méjèèjì kí ẹ wo bó ṣe tó, kí ẹ sì rò ó bí irú pákó bẹ́ẹ̀ á ṣe máa fò bíi ìgbòkun. Òjò ń rọ̀ sí i, iyọ̀ òkun ń ta sí i, yanrìn sì wà nínú ọ̀dà náà títí di òní. Ìgbì inú rẹ̀ dìde bí ògiri funfun lábẹ́ ojú ọ̀run tó ṣú. Kò sí ọkọ̀, kò sí èèyàn, kò sí ẹyẹ kan tí ẹ lè fi wọn bó ṣe ga tó. Ìyẹn ló ń dẹ́rù bani.

Kí ló dé tí koríko gidi fi wà nínú àwòrán rẹ̀?

Ẹ ò ṣìran. Nínú “Seeded Grasses and Daisies, September”, tó yà ní 1960, ewéko àti orí irúgbìn gidi lẹ̀ mọ́ inú ọ̀dà. Inú pápá ni ó dúró sí. Koríko dé ìbàdí rẹ̀, atẹ́gùn sì ń fẹ́ irúgbìn lu ọ̀dà tútù. Ó jọ pé àwọn díẹ̀ fúnra wọn ló lẹ̀, òun wá fi ọwọ́ kún un. Ọ̀dà yẹn ki bí ẹ̀bà ọjọ́ kejì. Ọ̀bẹ ìtẹ́dà ló fi ń tẹ́ ẹ, ó sì ń fi ìdí búrọ́ọ̀ṣì fà á láti fa ìlà koríko sínú rẹ̀.

Kì í rìn jìnnà wá ohun tó máa yà. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ gan-an ló ń yà léraléra: nígbà ìrúwé, nígbà ìkórè, nígbà yìnyín. Ilé oyin àwọn ará abúlé wà níbẹ̀ nínú àwòrán mélòó kan. “Catterline in Winter”, ti ọdún 1963, jẹ́ ìlà ilé yẹn náà tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òkè, yìnyín bo ilẹ̀, òòrùn funfun kan tó dà bí òṣùpá sì so lójú ọ̀run.

Ṣé ọ̀kan lára àwọn “Glasgow Girls” ni?

Rárá. Orúkọ yẹn jẹ́ ti àwọn obìnrin tó ṣiṣẹ́ ọnà ní Glasgow láti nǹkan bí 1880 sí 1920: Margaret Macdonald àti àbúrò rẹ̀ Frances, Jessie M. King, Bessie MacNicol àtàwọn mìíràn. Ọdún 1921 tí wọ́n bí Joan ni Frances Macdonald kú. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni, ìran ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó súnmọ́ Joan ní àkókò ni Anne Redpath, tó jẹ́ obìnrin ayàwòrán àkọ́kọ́ tí Royal Scottish Academy gbà wọlé pátápátá, ní 1952.

Kí ni ọ̀rọ̀ àwòrán ọkùnrin oníhòhò tí wọ́n fi pariwo?

“Sleeping Nude” ni, ọdún 1955. Ọkùnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló dùbúlẹ̀ sùn síhòhò. Àwọn ọkùnrin ti ń yàwòrán obìnrin oníhòhò láti ayébáyé, ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan. Obìnrin kan ya ọkùnrin, ìwé ìròyìn gbé e, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fọkàn ro ohun tó wà láàárín wọn.

Angus Neil lẹni náà. Wọ́n pàdé ní Hospitalfield. Jagunjagun tẹ́lẹ̀ ni, ó mọ iṣẹ́ igi, òun náà sì ń yàwòrán. Àìsàn ọpọlọ máa ń dà á láàmú, Joan sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ ìyá. Ariwo ìwé ìròyìn náà dùn ún. Lójú tèmi, kò sí ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ kankan nínú àwòrán yẹn. Ẹni tó rẹ̀, tí òtútù sì ń mú, ni mo rí níbẹ̀.

Ṣé ó lọ́kọ? Ṣé ó bímọ?

Kò lọ́kọ, kò sì bímọ. Ẹni tó fẹ́ràn jù ni Audrey Walker, obìnrin tó ń ya fọ́tò, tó sì ní ọkọ tirẹ̀. Òun ló ya ọ̀pọ̀ nínú fọ́tò Joan tí ẹ ń rí, títí kan ti etí òkun. Lẹ́tà tí Joan kọ sí i pọ̀ gan-an. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ìwọ̀nba èèyàn ló kà wọ́n. Ní báyìí tí àwọn tó ń kọ ìtàn rẹ̀ ti rí wọn kà, kò sẹ́ni tó kà á tí kò mọ̀ pé ìfẹ́ ni, kì í ṣe ọ̀rẹ́ lásán.

Mo mọ̀ pé ibí yìí ni àwọn kan nínú yín máa ń fẹ́ kí n dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú lẹ́tà yẹn la ti mọ ohun tó rò nípa òkun lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tó yà tó bàjẹ́ àti èyí tó fẹ́ tún yà lọ́jọ́ kejì.

Ṣé àwòrán òkun rẹ̀ ní ìtumọ̀, àbí ọ̀dà lásán ló dà sílẹ̀?

Ní àwọn ọdún 1950, àwọn ayàwòrán Amẹ́ríkà ń da ọ̀dà sílẹ̀, wọ́n ń fọ́n ọn, ohun tí wọ́n sì yà kò jọ nǹkan kan tí ojú mọ̀. Joan mọ̀ nípa wọn. Bí ẹ bá dúró ní ìṣísẹ̀ kan síwájú òkun rẹ̀, tiwọn àti tirẹ̀ jọra: ọ̀dà tó ki, ọ̀dà tó ń ṣàn, ibi tó họ.

Ẹ wá sún sẹ́yìn ìṣísẹ̀ mẹ́fà. Omi ni. Ẹni tó bá mọ Catterline á tiẹ̀ sọ ibi tó dúró sí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Kò kúrò níwájú ohun tó ń wò rí.

Kí ló pa á?

Àrùn jẹjẹrẹ ọmú. Ó ti pẹ́ kó tó gba ìtọ́jú, ó sì tàn dé ọpọlọ. Nínú oṣù Karùn-ún ọdún 1963, ìpàtẹ àwòrán rẹ̀ ńlá kan ṣí ní London, ilé àwòrán Roland, Browse and Delbanco, àwọn èèyàn sì gba tirẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ó kú ní ilé ìwòsàn Killearn, ìtòsí Glasgow. Wọ́n dáná sun ún gẹ́gẹ́ bó ṣe fẹ́, wọ́n sì da eérú rẹ̀ sí etí òkun Catterline.

Kí ló dé tí wọn ò fi mọ̀ ọ́n káàkiri ayé?

Ìgbà tí London ń ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ ló kú. Ẹni tó kú ní 42 kò sí níbẹ̀ láti jókòó fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, láti kọ́ ọmọ iṣẹ́, láti bá oníṣòwò àwòrán jẹun. Ìdí kejì ni pé Scotland ò jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ilé àwòrán ibẹ̀ rà á, àwọn ẹbí fi òmíràn tọrẹ, ọ̀pọ̀ sì wà nílé àwọn èèyàn. Ohun tí kò kúrò nílé, àlejò ló ń wá a.

Pé ó jẹ́ obìnrin wà níbẹ̀ o. Àmọ́ mi ò rò pé òun nìkan ni. Ní 2021, nígbà tó pé 100 ọdún tí wọ́n bí i, ìpàtẹ wáyé káàkiri Scotland. Ní ibòmíràn, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́.

Ṣé a lè lọ wo Townhead tó yà?

Kò sí mọ́. Nínú àwọn ọdún 1960, ìjọba ìlú wó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ láti kọ́ ilé gíga àti ọ̀nà ọkọ̀ ńlá tó di M8 lónìí. Ilé tí yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ pẹ̀lú. Wọ́n ti ń wó àdúgbò náà nígbà tó ṣì ń yà á. Ẹ lọ sí Catterline dípò rẹ̀: ìlà ilé yẹn ṣì wà lórí òkè, Watchie náà ṣì dúró. Ẹ wọ bàtà tí kì í yọ̀.

Ṣé kì í ṣe ìṣẹ́ ọmọ olọ́mọ ló fi wá orúkọ?

Ìbéèrè yìí ló le jù, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ló sì sábà máa ń ti wá. Àwòrán ọmọ tí aṣọ rẹ̀ ya wà lára ògiri olówó, ọmọ náà ò ní ìdá kankan nínú owó náà. Ẹni tí ìyẹn ò bá dùn mọ́ nínú ò jẹ̀bi.

Ohun tí mo máa ń dá wọn lóhùn ni pé kí wọ́n wo ojú àwọn ọmọ náà. Mi ò rí èyí tó ń tọrọ nǹkan. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń jà, wọ́n ń kàwé ẹlẹ́rìn-ín, wọn ò sì ka ẹni tó ń wò wọ́n sí. Joan kì í ṣe àlejò tó yà fọ́tò tó lọ. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tó fi wà láàárín wọn, àwọn ọmọ sì ń wọ yàrá iṣẹ́ rẹ̀ bí ilé ìyá wọn, wọn a sì máa rí nǹkan díẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan lára wọn ti dàgbà, wọ́n ti di ìyá àgbà. Nígbà tí wọ́n ṣe ìpàtẹ ńlá rẹ̀ ní Edinburgh ní 2016, wọ́n wá síbẹ̀, wọ́n dúró níwájú ara wọn nígbà èwe, wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rántí. Òórùn ọ̀dà ni wọ́n rántí, àti iná tó ń jó nínú ààrò, àti bí wọ́n ṣe ń ja ìjà tani yóò kọ́kọ́ jókòó.